Ta Ló Ni Ẹsẹ Ifá? Òfin Ẹ̀tọ́ Àwòkọ àti Àwa Babaláwo



A júbà Olódùmarè. A júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. A júbà olúwo àti ojùgbọ̀nà tó tẹ̀ wá nífá, àwọn tó wà láyé àti àwọn tó ti re ibi àgbà ń rè.   Kí ìbà wa ṣẹ.

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi lé wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí jẹ mọ́ òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, èyí tí a ń pè ní òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, kí ló kan babaláwo nínú òfin àwọn òǹkọ̀wé àti olórin? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Nígbà tí a ṣì ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ olúwo wa, ọkùnrin kan tó ń ṣe ìwádìí gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ wá. Oru mẹ́ta gbáko ni bàbá fi ki Ifá fún un, tí àwa ọmọ awo ń gbè é lẹ́yìn. Ọkùnrin náà mú obì àti ọtí wá, ó bọ̀wọ̀ fún bàbá, bàbá sì súre fún un. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìwé jáde. Orúkọ ọkùnrin náà wà níwájú ìwé gàdàgbà. Ní ti bàbá, ohun tí ìwé náà pè é kò ju "babaláwo kan" lọ. Bàbá kò mọ̀wé kà, àwa la kà á fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Ṣé èmi kò lórúkọ ni?" Títí ọlọ́jọ́ fi dé, a kò rí èsì fọ̀ fún un.

Ohun tí Òfin Sọ

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Òfin Ẹ̀tọ́ Àwòkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí. Òfin náà ní, bí ènìyàn bá fi làákàyè ara rẹ̀ kọ ìwé, iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, yóò sì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohun méjì ni òfin ń béèrè: kí iṣẹ́ náà ti inú ẹni náà wá, kí ó sì wà ní àkọsílẹ̀ tàbí ní gbígbà sílẹ̀.

Níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Odù 256, ojú odù 16 àti ọmọ odù 240, bíbá ni a bá wọn. Kò sí babaláwo kan tó lè ní òun ló dá wọn sílẹ̀. Etí ni a fi gbà wọ́n, orí ni a kó wọn sí. Nítorí náà, ẹni tó fi kálàmù kọ ọ́ ní ìwé láti fi hàn. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ ọ sórí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Síbẹ̀, òfin kò gbàgbé wa pátápátá. Ó ní ìpín kan fún ohun àbáláyé: ewì, orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ ti àwùjọ. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòwò, tàbí tí yóò gbé e kúrò ní àyè tí àṣà fi í sí, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tí ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwòkọ. Bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ àwùjọ tàbí ìlú tó ti rí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjọba ni àṣẹ náà wà, kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ awo. Orúkọ àwùjọ ni òfin sì béèrè, kò béèrè orúkọ bàbá wa.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ààlà tó wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n William Bascom tẹ ìwé nípa Ifá jáde ní ọdún 1969. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá tẹ tirẹ̀ nípa ojú odù mẹ́rìndínlógún jáde ní ọdún 1975. Ìtumọ̀, àlàyé àti ètò inú ìwé wọ̀nyẹn jẹ́ ti àwọn tó kọ wọ́n. Ẹsẹ tí olúwo wa kọ́ wa kò di ti ẹnikẹ́ni nítorí pé ó wà nínú ìwé. Kò sí ẹni tó lè ní kí a má kì í mọ́. Àjọ UNESCO kéde iyì Ifá fún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n iyì kò ti ilẹ̀kùn.

Àwa Náà Jẹ̀bi

Òtítọ́ korò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ awo. A da ojú ewé púpọ̀ kọ láti inú ìwé ọ̀mọ̀wé kan, a kò sì dárúkọ rẹ̀. Ọmọ awo kan gbé ìwé méjèèjì wá, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?" Ojú tì wá. Ìbéèrè olúwo wa ló ń dún létí wa. A kó ìwé náà kúrò lórí àtẹ, a sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́ láti tọrọ àforíjì.

Òfin Awo Ti Wà Ṣáájú

Kí òfin ìjọba tó dé ni Ifá ti kọ́ wa. Nínú ẹsẹ Ifá, a kọ́kọ́ ń dárúkọ awo tó dífá, kí a tó sọ ẹni tí ó dífá fún. A kò gbọdọ̀ fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í la ẹnu láìjúbà ẹni tó kọ́ wa. Ó sì ṣeé ṣe nínú ìwé pẹ̀lú: nínú ìwé tí Bascom ṣe nípa ẹ́ẹ̀rìndínlógún ní ọdún 1980, ó dárúkọ Sàlàkọ́, olórìṣà Ọ̀yọ́ tó ki ẹsẹ náà fún un.

Ìmùlẹ̀ náà wà. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ń ṣọ́ ohun tó ti jáde. Ìmùlẹ̀ ló ń ṣọ́ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde. Bí ọmọ awo bá gbé fóònù wọ igbódù, tó sì ju àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ẹjọ́ wo ni yóò dá awo náà padà? Ẹyin lohùn.

Àbá Wa

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tó gba ohùn babaláwo sílẹ̀, kí àdéhùn wà ní kíkọ: ohun tí a fẹ́ fi ohùn náà ṣe, orúkọ ẹni tó kì í, àti ìpín rẹ̀ bí owó bá wọlé. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, kí a kà á fún un lédè Yorùbá kí ó tó tẹ̀ka.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò fi hàn pé ẹsẹ yìí, ọ̀dọ̀ olúwo báyìí, ní ìlú báyìí, ni a ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, bí a bá lo ìwé ọ̀mọ̀wé, kí a dárúkọ rẹ̀, kí a sì ra ìwé rẹ̀ dípò kí a máa dà á kọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe sọ ti ewé àti àkọsẹ̀ fún ẹni tí kò bá wa mulẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva sí àdéhùn kan pé ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tó hùmọ̀ láti ara ewé àti ìmọ̀ àbáláyé gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí i. Ìgbà tí orílẹ̀-èdè 15 bá wọlé sí i ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a di ẹnu wa mú ná.

Àgbálọgbábọ̀

Ta ló ni ẹsẹ Ifá? Ti Ọ̀rúnmìlà ni, ti ìran wa ni. Àwa jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó kì í ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì lórúkọ. A dárúkọ olúwo wa nínú ìbà láàárọ̀ yìí, gbogbo yín sì gbọ́ ọ. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí.

Ifá kò ní jẹ́ kí orúkọ wa parun. Ifá yóò gbè wá. Àbọrú, àbọyè.