Níbo Lẹ Fẹ́ Yà Sí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá afárá Carter nílùú Èkó lónìí, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, òógùn ń bọ́. Níbo lẹ fẹ́ yà sí?

Ṣé ilé oúnjẹ olówó ńlá ni, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìnkùlé? Èmi ò yà síbẹ̀! Onítíì ẹ̀bá títì ni tèmi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kẹ̀kẹ́ mi wà níwájú mi. Onítíì ń da tíì láti kọ́ọ̀bù kan sí èkejì, tíì ń hó yaya. Búrẹ́dì Àgége wà. Ó ń dín ẹyin. Ta ló ń wo aṣọ tó lẹ̀ mọ́ mi lára? Kò sẹ́nìkan.

Ibi téèyàn ti lè tọ̀ ńkọ́? Háà, ibẹ̀ ni onítíì ti já mi kulẹ̀!

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání o. Láàárọ̀ kùtù, kì í ní ṣéńjì.