Ìdánìkanwà Ní Ìgbèríko Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará wa, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wa tí ń tọ́jú arúgbó ní ìgbèríko Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú aya, ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ń dá gbé. Ní oṣù Kejìlá, ní Inverness, oòrùn a wọ̀ kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó kọjá lọ́dọ̀ ènìyàn láìkí i ti bú u. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ a máa dákẹ́ kí wọn má baà yọ àlejò lẹ́nu. Kí àlejò má ṣe ka ìdákẹ́ yìí sí ìkórìíra. Kí òun ni ó kọ́kọ́ kí wọn. Kí ó sì yan ibì kan, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé-ìkàwé, tí wọn yóò ti máa rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí wọn yóò fi máa béèrè rẹ̀ bí kò bá wá.

Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Nígbà tí a bá wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, owó ni a béèrè ni, tàbí àlàáfíà wọn? Ènìyàn ni aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀ ní ìhòhò nínú òtútù.