Ìjókòó Onílù Nínú Ọdún Ifá



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Mo júbà Òrìṣà Olúfọ́n, tí ó ni ilẹ̀ Ìfọ́n yìí, àti Erinlẹ̀ tí ó ń ṣàn ní Ìlobùú. Mo júbà Kábíyèsí Olúfọ́n àti Kábíyèsí Olóbùú. Mo júbà ẹ̀yin Olúwo, ẹ̀yin Ojùgbọ̀nà, ẹ̀yin ìyánífá àti apẹ̀tẹ̀bí. Mo sì júbà ẹ̀yin ọmọ Àyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lónìí.

Nígbàkígbà tí a bá ń múra ọdún, a máa ń ka àga. A ó ka ti ọba, a ó ka ti ìjòyè, a ó ka ti àlejò. N kò tíì rí ibi tí a ti ka ti onílù. Kì í ṣe ìkà ni ó fà á. A kàn rò pé ẹni tí ń lùlù kò nílò ìsinmi ni.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo lọ bá wọn ṣe ọdún Ifá ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Àgbà onílù kan wà níbẹ̀ tí ó mọ ìlù Ìpèsè ju ẹnikẹ́ni tí mo tíì gbọ́ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ tí àìsùn ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti tẹ̀ ba lórí ìlù náà. Nígbà tí ó béèrè àpótí, wọ́n ní kí ó ní sùúrù, pé àwọn àlejò kò tíì jókòó tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹni méjì ni ó gbé e dìde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kò wá. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ní ẹ̀yìn òun kò gbà á mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ rí ohun tí iṣẹ́ náà fi bàbá wọn ṣe, wọ́n sì lọ ń gun ọ̀kadà. Títí di òní, dùndún ni wọ́n ń lù sí ọdún Ifá ní ìlú náà. Ìpèsè wà ní kọ̀rọ̀ ilé Awo, ikán ń jẹ ẹ́. Àpótí kan ṣoṣo tí wọ́n fi du àgbà yẹn ni ó gba ìlù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlù wa dáadáa. Àwọn kan wà tí onílù ń gbé rìn: dùndún ń bẹ ní èjìká, bàtá àti gúdúgúdú ń bẹ ní ọrùn. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń dúró lórí ilẹ̀: Ìpèsè àti Àféré tí í ṣe ti Ifá, àti Ìgbìn tí í ṣe ti Ọbàtálá. Láti ara igi kan náà ni àwọn baba wa ti gbẹ́ ẹsẹ̀ fún Ìpèsè àti Ìgbìn, kí wọ́n lè dúró fúnra wọn. Bí a bá fún ìlù ní ẹsẹ̀ kí ó má baà wọ onílù lọ́rùn, ó yẹ kí a fún onílù náà ní ibi tí yóò fìdí lé.

Àwọn kan yóò sọ pé ìjókòó kò yẹ onílù, pé ìdúró ni í fi ọ̀wọ̀ hàn. Mo bi wọ́n: ta ni í dúró dá Ifá? A ó tẹ́ ẹní, a ó jókòó, kí a tó gbé ọpọ́n síwájú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìyẹ̀ròsùn. Ó ní ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn yóò kánjú parí ẹsẹ Ifá. Bákan náà ni onílù. Bí ìdí bá ń ro ó, yóò máa sáré ìlù, oníyẹ̀rẹ̀ kò sì ní rí ààyè mí. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé bàtá. Níbẹ̀, onílù mẹ́ta a máa jókòó lórí àga ní ìlà kan, ìyá ìlù ní àárín, oníkálukú á gbé ìlù rẹ̀ lé itan. Añá ni wọ́n ń pe Àyàn. Wọ́n jókòó, òrìṣà sì ń jẹ́ wọn. Ní tòsí wa níhìn-ín, Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsè Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, jẹ́ onílù tòun ti adé lórí. Iyì onílù kò sí nínú ìyà tí ń jẹ ẹ́.

Kí ni kí a ṣe? Kí a kan àpótí fún àwọn tí ń lu Ìpèsè àti Ìgbìn, kí gíga rẹ̀ bá ìlù mu. Bí onílù bá jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí orúnkún rẹ̀ má ga ju ìbàdí lọ, kí awọ ìlù má sì ga ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ, kí ó má baà máa gbé èjìká sókè. Àga oníke tí ó ní apá kò dára fún un, nítorí pé apá àga yóò máa gbá a ní ìgbọ̀nwọ́. Kí a fi tìmùtìmù lé àpótí náà, ṣùgbọ́n kí ó má rọ̀ jù, kí ìdí má baà rì sínú rẹ̀.

Fún oní-dùndún àti oníbàtá, kí ọ̀já tí wọ́n fi gbé ìlù kọ́ fẹ̀, kí ó má baà gé wọn lára. Níbikíbi tí ìwọ́de bá ti dúró, kí bẹ́ńṣì wà níbẹ̀, lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú omi mímu. Kí a sì máa ní ọ̀dọ́ tí yóò gba ìlù lọ́wọ́ àgbà. Ìsinmi àgbà ni yóò di ẹ̀kọ́ fún ọmọ, nítorí pé yóò jókòó tì í, yóò máa tún un ṣe.

Ẹgbẹ́ wa kò ṣaláìní igi, bẹ́ẹ̀ ni ìlú yìí kò ṣaláìní káfíńtà. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé, nígbà tí a bá tún ń ka àga fún ọdún tí ń bọ̀, ọ̀dọ̀ onílù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Àyàn má parun nílẹ̀ wa. Kí ìlù ayọ̀ máa dún ní Ìfọ́n, kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní Ìlobùú, kí wọ́n sì jọ máa jó sí i. Àbọrú, àbọyè.