Kí Ni Ẹ Kọ Nípa Mi?

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa)

 

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ fáìlì. Ẹ̀rọ tí a ń tẹ ìka sí láràárọ̀ ti dé ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà ti wọ inú ọkọ̀. Ẹ̀yin sì ń béèrè pé, ta ni ó ń ka gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń kó jọ? Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, kíláàsì alẹ́ ni mo ti kọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣojú ti kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ tí ó ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n sọ lójú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìtàn amòfin kan ni mo mú wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè náà ni ó sì ń bá kiri títí di òní: "Kí ni ẹ kọ nípa mi?"

Orúkọ rẹ̀ ni Max Schrems. Ọmọ orílẹ̀-èdè Austria ní Yúróòpù ni. Ìlú Salzburg ni wọ́n ti bí i ní 1987, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ìlú Vienna. Ní 2011, ó lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì Santa Clara ní California, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni lọ́yà kan láti ilé iṣẹ́ Facebook ti wá bá kíláàsì wọn sọ̀rọ̀. Bí Schrems ti ń gbọ́ ọ, ó rí i lójú ara rẹ̀ pé ilé iṣẹ́ náà kò ka òfin Yúróòpù sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ní sáà náà.

Láti 1995 ni òfin ti wà ní Yúróòpù pé ẹnikẹ́ni lè béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pé kí ó fi ohun tí ó kọ pamọ́ nípa òun han òun. Schrems kò pariwo, kò ju òkò. Ó kọ̀wé béèrè, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Nígbà tí èsì dé, inú àwo CD ni wọ́n kó o sí, ó sì ju 1,200 ojú ìwé lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́, tí ó rò pé wọ́n ti lọ pátápátá, wọ́n wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ ilé ìwé ni. Kì í ṣe ọlọ́lá, kì í ṣe òṣèlú. Bí wọ́n bá lè kó 1,200 ojú ìwé jọ nípa ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún wọn, tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè, mélòó ni wọ́n lè kó jọ nípa òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ojú wọn láti àárọ̀ di alẹ́?

Ilẹ̀ Ireland ni Facebook fi ṣe ibùjókòó rẹ̀ fún Yúróòpù. Nítorí náà, ní ọdún 2011 yẹn náà, Schrems kó ẹ̀sùn 22 lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń ṣọ́ ààbò àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Ọ́fíìsì náà yẹ ilé iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí ó fi di 2012, Facebook ti dá ẹ̀rọ tí ó ń dá ojú ènìyàn mọ̀ nínú fọ́tò dúró fún àwọn ará Yúróòpù.

Ní 2013 ni Edward Snowden, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti bá àwọn aṣọ́nà ìjọba rẹ̀ ṣiṣẹ́, tú àṣírí síta. Ó fi hàn pé ìjọba Amẹ́ríkà ń ka àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀. Schrems tún gbé ẹ̀sùn lọ sí Ireland. Ó ní bí Facebook bá ń kó àkọsílẹ̀ òun lọ sí Amẹ́ríkà, ta ni yóò dáàbò bò ó níbẹ̀? Ọ́fíìsì náà ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, wọn kò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gba ilé ẹjọ́ gíga Ireland lọ. Ilé ẹjọ́ náà sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́ àgbà ti àpapọ̀ Yúróòpù ní Luxembourg.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá 2015, ìdájọ́ dé. Àdéhùn tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń lò láti 2000 láti fi kó àkọsílẹ̀ ènìyàn sọdá òkun, ilé ẹjọ́ fagi lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé àdéhùn yẹn ju 4,000 lọ. Wọ́n sáré ṣe òmíràn ní 2016. Schrems tún bá a fà á. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje 2020, ilé ẹjọ́ fagi lé èyí náà. Wọ́n sì tún ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní 2023.

Ní oṣù karùn-ún 2023 yẹn, ọ́fíìsì Ireland bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.2 yúrò lé Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni Facebook, nítorí ọ̀rọ̀ kíkó àkọsílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà yìí kan náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 2013 dé 2023, ọdún mẹ́wàá gbáko. Ọ́fíìsì tí ó kọ́kọ́ ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀ ni ó padà bu owó ìtanràn náà. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó lè rìn jìnnà kí ó tó dé.

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ni mo ń bọ̀ yìí. Ní 2014, Schrems gbìyànjú láti kó ẹ̀sùn 25,000 ènìyàn pọ̀ mọ́ tirẹ̀ ní ilé ẹjọ́ Vienna. Ní oṣù kìn-ín-ní 2018, ilé ẹjọ́ Luxembourg sọ pé ó lè pe ẹjọ́ fún ara rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò lè fi ọ̀nà yẹn ru ẹrù àwọn yòókù. Ẹnì kan lè ṣílẹ̀kùn. Kí ilẹ̀kùn má baà padà tì, ó gba ọwọ́ púpọ̀.

Ó ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Ní 2017, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Vienna, noyb ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé "kò kàn yín." Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí owó ẹgbẹ́ tí àwa náà ń san. Nígbà tí òfin tuntun Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2018, òfin náà gba irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè láti dúró fún ènìyàn. Ọjọ́ náà gan-an ni noyb fi ẹ̀sùn kan Google, Facebook, Instagram àti WhatsApp. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba Faransé fi bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 50 yúrò lé Google.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ Facebook nìyẹn, kí ni ó kan ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ tàbí ẹni tí ó ń di ọjà sínú páálí? Ẹ gbọ́ méjì péré.

Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Nuremberg, ní Jámánì, ní ọ́fíìsì kan tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ aláṣọ H&M. Bí òṣìṣẹ́ bá ti ìsinmi tàbí àìsàn dé, ọ̀gá rẹ̀ á pè é jókòó, á bá a sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́: Báwo ni ara? Báwo ni ilé? Bí òṣìṣẹ́ bá ti jáde tán, ọ̀gá á kọ ọ́ sílẹ̀. Irú àìsàn tí ó ṣe é, ìjà tí ó wà láàárín òun àti ará ilé rẹ̀, ẹ̀sìn tí ó ń ṣe, gbogbo rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, àwọn ọ̀gá tí ó tó 50 sì lè kà nínú rẹ̀. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni ó tú u síta ní 2019, tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi rí i fún wákàtí mélòó kan. Ní 2020, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 35.3 yúrò lé wọn. Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì san owó fún àwọn òṣìṣẹ́.

Èkejì jẹ́ ti awakọ̀. Àwọn awakọ̀ Uber kan wà tí ẹ̀rọ dá iṣẹ́ dúró fún, tí kò sí ẹni tí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ wọn fún wọn. Wọn kò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ṣaájú wọn lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amsterdam, ìbéèrè Schrems náà ni wọ́n sì gbé lọ: kí ni ẹ kọ nípa wa, báwo sì ni ẹ̀rọ yín ṣe dá wa lẹ́jọ́? Ní oṣù kẹrin 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí Uber ṣàlàyé fún wọn. Ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba Netherlands tún bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 290 yúrò lé Uber, nítorí pé ó kó àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ Yúróòpù lọ sí Amẹ́ríkà láìsí ààbò tí ó tọ́. Awakọ̀ tí ó lé ní 170 ní Faransé ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn. Uber kò gbà, ó ní òun yóò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àmọ́ ẹ rí i bí ọ̀nà tí ọmọ ilé ìwé kan là ní 2015 àti 2020 ti di ọ̀nà tí awakọ̀ ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní apá 37, ti dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni, àjọ kan sì wà ní Abuja tí ó ń bójú tó o. Òfin yìí sọ pé o lè béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ, o lè gba ẹ̀dà rẹ̀, o sì lè ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Ó sọ pé kò yẹ kí ẹ̀rọ nìkan jókòó dá ọ lẹ́jọ́ lórí ohun tí ó lè pa ọ́ lára. Ó sì ka àwọn nǹkan kan sí ohun tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra púpọ̀ mú: ìlera ẹni, ẹ̀sìn ẹni, àmì ìka ẹni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà lára wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òfin kì í bu ènìyàn jẹ nílẹ̀ yìí. Ní oṣù keje 2024, àjọ ìjọba wa tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù kẹrin 2025.

Àwa kò sọ pé kí ọ̀gá má kọ nǹkan kan. Bí kò bá kọ ọ́, báwo ni yóò ṣe san owó wa, báwo ni owó ìfẹ̀yìntì wa yóò ṣe pé? Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ sì lè bá wa wá ọkọ̀ tí olè gbé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a mọ ohun tí wọ́n ń kọ, ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹni tí ó ń kà á, àti ọjọ́ tí wọn yóò pa á rẹ́. Àwọn kan á ní, "Èmi kò jalè, kí ni mo ń bò?" Ẹni tí kò jalè náà ń ṣe àìsàn. Ẹni tí kò jalè náà ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ aṣojú mú wá fún yín láti fọwọ́ sí nìyí. Èkíní, ẹni tí ó bá fẹ́ rí fáìlì rẹ̀, kí ó má dá lọ. Kí ó wá sọ́dọ̀ aṣojú rẹ̀, kí a jọ kọ ìwé béèrè, kí a kọ déètì sí i, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà. Èkejì, kí ẹgbẹ́ béèrè pé kí ìwé ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ má ṣe wà pẹ̀lú fáìlì tí ọ̀gá fi ń gbani síṣẹ́ tí ó fi ń dáni dúró. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìka àti ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wọ inú ìwé àdéhùn tí a ń bá ilé iṣẹ́ ṣe, bí owó oṣù àti wákàtí iṣẹ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe lé ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ẹ̀rọ sọ, àfi bí ènìyàn ẹlẹ́ran ara bá jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí aṣojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá tí ó gba ìwé ìbéèrè kan lè sọ ọ́ sínú dúróà. Bí 300 bá dé lọ́jọ́ kan náà, tí aṣojú ẹgbẹ́ sì gbé wọn wá, dúróà kò ní gbà á. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwé ìbéèrè wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní ẹnu ọ̀nà. Kí olúkúlùkù mú ọ̀kan kí ó tó lọ sílé.

 Ìṣọ̀kan ni agbára wa.