Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ń Yí Àṣẹ Ọ̀gá Padà

Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní phrasal verb ni ètò òní dá lé, èyíinì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀rọ̀ kékeré bíi up, off, over tàbí out rọ̀ mọ́ nídìí, tí àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ ń gbé ìtumọ̀ kan. Òṣìṣẹ́ tí kò bá fetí sí ọ̀rọ̀ kékeré yìí lè gbọ́ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀ sódì.

Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n call off ìpàdé, ó ti fagi lé e nìyẹn. Bí ó bá ní kí wọ́n put it off, ó kàn sún un sí ọjọ́ mìíràn ni. Ti look over àti overlook tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí look over ni kí ènìyàn yẹ ìwé wò, overlook sì ni kí ó gbójú fò ó, tí akọ̀wé tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ kékeré náà síwájú dípò ẹ̀yìn yóò fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò ka ìwé tí ọ̀gá fún òun.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì Nàìjíríà ni kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an nù, kí wọ́n ní “off the light” tàbí “on the gen.” Ó yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ kékeré sí, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣe iṣẹ́ switch off. Pass out náà ń kó ènìyàn sí wàhálà: ní Nàìjíríà, tí ètò àgùnbánirọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ń ní passing out parade, ìparí ẹ̀kọ́ tàbí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi í pè, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí ó bá sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn London, wọn yóò rò pé ó dákú ni.

Àwọn olùgbọ́ a máa ráhùn pé postpone àti investigate ni wọ́n kọ́ ní ilé-ìwé, kì í ṣe irú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí. Ìráhùn náà tọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ lẹ́tà ìjọba. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Britain yóò máa gbọ́ hand over, top up àti run out of bí ó bá ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń lọ sílé. Kí ó má ṣe jókòó há gbogbo ọ̀rọ̀ tí get bẹ̀rẹ̀ sórí, asán ni. Kí ó kọ odindi gbólóhùn tí ó gbọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré ìdí rẹ̀.

Ó ku ibi tí àbọ̀, èyíinì ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ń jókòó sí. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, tí àbọ̀ ń bọ́ sí àárín rẹ̀: “ó ba iṣẹ́ jẹ́,” “ó bà á jẹ́.” Bẹ́ẹ̀ náà ni call it off ṣe tọ́, tí call off it kò tọ́. Gbogbo wọn kọ́ ni ó ń là. Look after it ni, kì í ṣe look it after. Ẹ fi èyí tí ó bá ń dààmú yín ránṣẹ́ sí ètò yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó jẹ́ odindi gbólóhùn, kí ọ̀rọ̀ kékeré náà má sì sọnù lọ́nà.