Owó Ń Bẹ fún Ẹni Tó Bá Kọ Ìwé Eré

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé Kétu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ sún mọ́ iwájú díẹ̀, ohùn mi ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè mọ́.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ ibi tí ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa kọ ìwé eré sinimá ti lè rí ẹ̀kọ́ àti owó. Ìwé eré yìí ni àwọn ará Kútọnu ń pè ní scénario. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán la wá sọ. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso wa, wọ́n mọ agbára ìwé eré ju bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ní 1934 wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n fi orúkọ mínísítà wọn, Laval, pè. Òfin yẹn ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn láìgba àṣẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka ohun tí onítọ̀hún fẹ́ yà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọmọ tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1925, Paulin Soumanou Vieyra, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní IDHEC, ilé ẹ̀kọ́ sinimá ní Paris. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wá ya fíìmù nílé, wọn ò rí àṣẹ gbà. Paris náà ni wọ́n ti ya Afrique-sur-Seine ní 1955, lórí ìgbé ayé àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ wa mọ iṣẹ́, ó ní irinṣẹ́, ìwé ni wọ́n fi dá a dúró.

Lónìí kò sí òfin Laval mọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ òrùlé yìí, ta ló ní ìtàn kan tó ti kọ tán, tó wà nínú àpò rẹ̀ báyìí? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí i. Mo rí méjì. Fóònù tó lè ya fíìmù ńkọ́? Ẹ ṣeun, ẹ gbé e sílẹ̀, mo ti rí i.

Ṣé ìtàn ló wọ́n wa ni? Ìlú tí a jókòó sí yìí, ogun Dahomey fọ́ ọ ní 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú, àwọn kan padà wá tún un kọ́. Ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà ṣì wà níbẹ̀, àwọn àlejò ń wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló ti kọ fíìmù nípa obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú odi yẹn nígbà náà? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa yìí, UNESCO ti kéde rẹ̀ láti 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ ìtàn àtijọ́, ọmọbìnrin tó ń ta kpayo lẹ́bàá títì, tó ń fi owó rẹ̀ san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀, ṣé òun kì í ṣe ìtàn?

Ní oṣù kejì ọdún 2024, fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dahomey gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún sinimá Berlin, ní Jámánì. Mati Diop ló yà á, ó dá lórí àwọn ohun ọba 26 tí Faransé dá padà fún orílẹ̀-èdè wa ní 2021. Nínú fíìmù náà, ère ọba ń sọ̀rọ̀, èdè Fọ̀n ló sì ń sọ. Òǹkọ̀wé ọmọ Haiti, Makenzy Orcel, ló bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ò bínú sí wọn o, inú mi dùn, mo pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èdè ilẹ̀ wa kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Berlin. Àwa la máa ń sọ pé bí kò bá ti jẹ́ Faransé, wọn ò ní gbà á.

Kí n tó dé ibi owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, nítorí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ní bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn mo kọ ìtàn kan sínú káyé méjì, ìtàn ìyá kan àti ilẹ̀ oko tí àwọn àna rẹ̀ fẹ́ gbà. Mo gbé e fún ọkùnrin kan ní Kútọnu tó ní òun ń ṣe fíìmù. Ó ní òun á pè mí. Kò pè. Lọ́jọ́ kan mo jókòó nílé aládùúgbò mi, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú wa, ni mo bá gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń sọ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé ìyá ìyá mi nìkan ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn mi ni! Wọ́n ti yí orúkọ abúlé padà. Mo lọ bá a, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo? Káyé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti kọ ìtàn rẹ̀ tán, kó tó fi han ẹnikẹ́ni, kó gbé ẹ̀dà kan lọ sí BUBEDRA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin ará Tógò, BUTODRA ni tiyín. Ẹ fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ fi í pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ yín pamọ́ sí. Ohun mìíràn tún wà. Àjọ tó ń fúnni lówó kì í ránṣẹ́ pé kí o kọ́kọ́ fi 50,000 sẹ́fà ránṣẹ́ lórí fóònù kí orúkọ rẹ lè wọlé. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, olè ni, bó tilẹ̀ wọ kóòtù.

Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ní Kútọnu, ISMA ń kọ́ni níṣẹ́ sinimá àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ olówó ni, kí òbí wádìí owó rẹ̀ dáadáa kó tó gbé ọmọ lọ. Ní Ouidah, Jean Odoutan, ọmọ ilẹ̀ wa tó ya Barbecue-Pejo, dá àjọ̀dún sinimá Quintessence sílẹ̀ ní 2003, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ níbẹ̀. Ní Ouagadougou, Gaston Kaboré, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, dá ilé ẹ̀kọ́ Imagine sílẹ̀. Ní Dakar, ilé ẹ̀kọ́ Kourtrajmé bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, kíkọ ìwé eré sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Owó ọkọ̀ àti ilé gbígbé ni ìṣòro ibẹ̀, a ó sì padà sórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ìtàn lọ́wọ́, Ouaga Film Lab ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Láti 2016 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù wọn àkọ́kọ́ tàbí ìkejì jọ, pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde, àwọn àgbà á bá wọn tú ìwé eré náà palẹ̀, wọ́n á tún un tò. Ọdún yẹn náà ni Realness bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Òǹkọ̀wé díẹ̀ ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fún wọn nílé, wọ́n á fún wọn láyè, iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n kọ̀wé lọ. Clap Ivoire ní Abidjan jẹ́ ìdíje fíìmù kúkurú fún àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó sẹ́fà tiwa. Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀, Tógò wà níbẹ̀.

Owó gan-an wá kàn báyìí. Ní Nẹ́dálándì, àjọ̀dún sinimá Rotterdam ní àpò owó kan tí wọ́n ń pè ní Hubert Bals Fund. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń ran ìwé eré lọ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. 10,000 euro ni wọ́n máa ń fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ sẹ́fà. Àjọ Francophonie ní tirẹ̀ láti 1988, Image de la Francophonie, ilé iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù jáde ló sì máa ń kọ̀wé síbẹ̀, kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan. Nílé níbí, ìjọba ní ADAC tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà àti àṣà. Kẹ́ ẹ máa wo ìkéde wọn.

Kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní 2021, Netflix àti UNESCO ṣe ìdíje kan fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà láti fi àlọ́ àti ìtàn ìbílẹ̀ ṣe fíìmù kúkurú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè kò ju àlàyé ìtàn tí kò kọjá ọ̀rọ̀ 500 lọ, pẹ̀lú iṣẹ́ kan tí èèyàn ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ 500! Lẹ́tà tí ẹ máa ń kọ sí olólùfẹ́ yín gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn tó lé ní 2,000 ló wọlé. Mẹ́fà ló yege, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 25,000 dọ́là, wọ́n sì tún ya 75,000 dọ́là sọ́tọ̀ láti fi ṣe fíìmù rẹ̀. Wọ́n wá láti Kẹ́ńyà, Móríténíà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà, Tànsáníà àti Ùgáńdà. Èyí tó ti Nàìjíríà wá, èdè Haúsá ni wọ́n fi ṣe é. Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ láti ìgbà tí a ti ń jókòó sẹ́sẹ̀ ìyá àgbà, kò sẹ́ni tó bá a dé ibẹ̀ láti Kétu, láti Ṣábẹ, láti Àjàṣẹ́.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú kọjá sí Èkó, pé ibẹ̀ ni fíìmù Yorùbá wà. Òtítọ́ ni, ibẹ̀ ló wà. Ṣaworoidẹ tí gbogbo wa wò, tí a máa ń fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bú àwọn olóṣèlú, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, olùkọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì Ifẹ̀, ló kọ ọ́ kí Túndé Kèlání tó yà á ní 1999. Olùkọ́ ló jókòó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Nígbà tí MultiChoice dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 2018 fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Gánà ni wọ́n ní kó wá. Ààlà tí òyìnbó fà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó sì ń ṣiṣẹ́ sí ọ̀nà méjèèjì, ohun tí a kì í rò nìyẹn: Nàìjíríà kò sí nínú Francophonie, kò sí lára àwọn tó ń ná sẹ́fà, nítorí náà ilẹ̀kùn kan wà tó ṣí fún ọmọ Kétu tó tì mọ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ. Ìmẹ̀kọ àti Kétu, ṣebí ọba kan náà ni gbogbo wọn ń sìn tẹ́lẹ̀? Kí ọmọ ìyá méjì jọ kọ ìwé eré kan, kí ọ̀kan kàn ilẹ̀kùn ti ìhín, kí èkejì kàn ti ọ̀hún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ṣakí, ẹ pè é lónìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni dosíè. Wọ́n á béèrè àlàyé ìtàn náà lójú ìwé kan, wọ́n á béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ìwọ ló yẹ kó sọ ọ́, wọ́n á béèrè ìṣẹ̀lẹ̀ inú eré náà ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, nígbà mìíràn wọ́n á fẹ́ ka ibi tí àwọn èèyàn inú eré ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ ẹ. Mo ti ka púpọ̀ tí àwọn ọmọ wa kọ. Èyí tí wọ́n fi Faransé bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá ọ́fíìsì, títí kan ìyá tó ń ta àkàrà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní Yorùbá, tí wọ́n wá tú lẹ́yìn náà, èèyàn gidi ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lédè yín ná. Ẹni tó mọ Yorùbá-á sọ tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó sọ ọ́ sínú fóònù, a ó rí ẹni bá a kọ ọ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí, ẹ má bínú. Lọ́dọọdún à ń ra aṣọ ẹgbẹ́, à ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àjọ̀dún. Ó dára. Mo ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan méjì: owó ẹni tí yóò máa tú ìwé àwọn ọmọ yìí sí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, àti owó ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá mú ní Ouaga tàbí Dakar. Àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n máa ń wá bá wa nígbà ìbò, nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ bi wọ́n lójú gbogbo èèyàn bóyá ọmọ Yorùbá, ọmọ Fọ̀n tàbí ọmọ Bàríbá lè fi èdè rẹ̀ kọ ìwé béèrè owó lọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe, kí wọ́n fi ibi tó wà nínú ìlànà hàn wá. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọn yóò gbé e wọlé.

Èmi ní tèmi, gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá wà nínú kíláàsì ẹ̀yìn ilé ìpàdé yìí. Ẹ mú ìtàn yín wá, bó jẹ́ ojú ìwé kan. A ó kà á sókè, a ó bá ara wa wí. Mi ò ní gbowó, káyé yín ò sì ní sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ nawọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.