Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Gàrí Wọn Ebi

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń ka ebi? Àjọ Ètò Oúnjẹ Àgbáyé (WFP) máa ń bi àwọn agbo ilé pé: láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá, ọjọ́ mélòó lẹ jẹ ẹran, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́? Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá jẹ ẹ́. Ẹja tàbí ẹran, 4. Ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, 3. Gàrí tàbí iṣu, 2. Ṣúgà, ààbọ̀ péré.

Ẹ jẹ́ ká fi gàrí Ìjẹ̀bú ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń mu gàrí oníṣúgà lójoojúmọ́, tí kò rí nǹkan mìíràn fi tì í, máàkì 17 àtààbọ̀ ló ní. Kò kọjá 21, ìyẹn ni pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó, bí ikùn tilẹ̀ yó. Bó bá ń da ẹ̀pà sí i lójoojúmọ́ ńkọ́? Ó di 38 àtààbọ̀, ó ti ré 35 kọjá, wọ́n á ní ó jẹun dáadáa. Ẹ̀pà mà kúkú lágbára o!

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba àti àwọn àjọ máa ń kó irú ìdáhùn báyìí jọ sínú Cadre Harmonisé (Faransé ni, ẹ má bínú), tí wọ́n á fi pín àwọn àdúgbò sí ìpele ebi, láti 1 dé 5.

Lára ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àgbẹ̀, ọ̀kan wà tó máa ń ká mi lára: ṣé ẹ ti ń se àgbàdo irúgbìn jẹ?